Bí Agbára Bá Dúró Sójú Kan: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tí Ó Ń Gbé Irin

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ lórí ìlera, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ni wọn yóò fi lé mi lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n akọ̀wé wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, irin tí ẹ ń gbé ni kí ẹ kọ nípa rẹ̀." Gbogbo àdúgbò wa ni ó mọ̀ pé láti ọdún 2018, ọdún kan lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ni mo ti ń gbé irin ní ẹ̀yìnkùlé mi. Àwọn kan ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá àgbàlagbà fẹ́ lọ ja ìjàkadì. Mo ti fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

N kò fẹ́ sọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bíbẹ̀rẹ̀ kò le. Ẹni tí kò gbé irin rí, bí ó bá ń gbé e ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, agbára rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i bí ẹni pé wọ́n ń bù ú fún un ní. Ibi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé ni ibi tí irin ti máa ń kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní gòkè mọ́. Ó lè tó oṣù mẹ́ta, ó sì lè tó ọdún kan kí ó tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kì í dé ibẹ̀. Ìwọ̀n tí a gbé ní oṣù tó kọjá ni a tún ń gbé ní oṣù yìí, bí a sì fi kílò díẹ̀ kún un, apá kò ká a. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi irin sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àwọn mìíràn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan wà tí n kò ní dárúkọ. Ọmọ náà mọ̀wàá hù, ó sì ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó ń gbé irin pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibì kan tí wọ́n fi páànù bò. Wọn a dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, wọn a sì ti irin sókè kúrò ní àyà. Ọmọ yìí dé 100 kílò, kò sì lè kọjá rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Ẹnìkan wá sọ fún un pé abẹ́rẹ́ kan wà, ó sì gbà á. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti ń ti 120 sókè, aṣọ rẹ̀ kò gbà á mọ́, gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín. Ó gbéyàwó. Ọdún kan kọjá, ọdún méjì kọjá, kò sí oyún. Àwọn àgbà ilé ti ń wo ìyàwó náà ní ìwòkuwò kí dókítà tó ní kí ọkọ náà wá ṣe àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò fi hàn pé kò sí irúgbìn ọmọ kankan nínú àtọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó wá bá mi nílé, ó jókòó, ó wo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Bàbá, mo kàn fẹ́ kọjá ọgọ́rùn-ún kílò ni."

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni ó mú kí n gbà láti kọ nǹkan tí ẹ ń kà yìí. Ohun tí ó lọ wá nínú abẹ́rẹ́, ọ̀nà mìíràn wà tí ó lè gbà dé ibẹ̀ láì ná owó tó bẹ́ẹ̀, láì sì fi ara rẹ̀ wéwu. Ọ̀nà náà lọ́ra ni, kò sì sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un.

Kí ló dé tí agbára fi ń dúró?

Ẹ wo àwọn alábàárù nínú ọjà wa. Ọmọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti abúlé, àpò sìmẹ́ǹtì 50 kílò a fẹ́rẹ̀ẹ́ wó o mọ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, yóò máa gbé e rìn kánmọ́kánmọ́, yóò sì máa bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá padà wá wò ó lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àpò 50 kílò náà ni ó ṣì ń gbé, agbára rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti ọdún àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Ara rẹ̀ ti kọ́ ohun tí iṣẹ́ náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rí ìdí tí yóò fi kọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ara ènìyàn ṣe rí nìyẹn. Kì í náwó lórí ohun tí a kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kejì ni pé agbára tí a kọ́kọ́ ń rí kò ti ibi tí a rò wá. Ní bí oṣù méjì àkọ́kọ́, iṣan tuntun kò tíì pọ̀ rárá. Ọpọlọ ni ó ń kọ́ bí yóò ṣe pe àwọn iṣan tó wà nílẹ̀ jọ kí gbogbo wọn lè ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba yóò tètè yé. Ẹ̀ka kan ní òṣìṣẹ́ 40 nínú ìwé, ṣùgbọ́n 15 ni ó máa ń wá sí ibi iṣẹ́. Ọ̀gá tuntun dé, ó ń ka orúkọ láàárọ̀, gbogbo àwọn 40 sì bẹ̀rẹ̀ sí wá. Iṣẹ́ ẹ̀ka náà yóò ju ìlọ́po méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò gba ẹnikẹ́ni sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí gbogbo wọn bá ti jókòó tán, bí a bá tún fẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀ sí i, àfi kí a gba òṣìṣẹ́ tuntun. Ìyẹn sì ń fẹ́ àyè, owó àti sùúrù. (Ẹni tí ó bá ti dúró de ìwé ìyọ̀ǹda láti gba akọ̀wé kan ṣoṣo mọ ohun tí mo ń sọ.) Ìgbà tí ara bá dé ibi gbígba òṣìṣẹ́ tuntun yìí ni a máa ń rò pé agbára ti dúró.

Kíkọ́ iṣan tuntun kì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí irin wà lọ́wọ́. Nígbà tí a bá ń gbé irin, ńṣe ni a ń fi ìwé béèrè ránṣẹ́ sí ara. Ara ń dáhùn lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kan sí méjì tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a bá jẹun, tí a sì sùn. Bí a bá tún padà lọ gbé irin kí ara tó parí iṣẹ́ rẹ̀, a ti dá a dúró lágbede méjì. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta lè gbé ohun tí ó kéré sí ti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì máa rò pé òun kò tíì ṣe tó.

Ẹni tí ó sọ gbígbé irin di ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ni Thomas DeLorme, dókítà ológun kan ní Amẹ́ríkà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ọgbẹ́ ti sọ ẹsẹ̀ wọn di aláìlágbára ní ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Chicago. Ohun tí àwọn dókítà gbà nígbà náà ni pé nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ ni kí aláìsàn máa gbé ní ọ̀pọ̀ ìgbà. DeLorme fún wọn ní ohun tó wúwo, ó sì ń fi kún un bí agbára wọn ti ń pọ̀. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1945. Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀, sẹ́ẹ̀tì 7 sí 10 ni ó ń fún wọn ṣe, ìgbà 10 nínú sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó fi máa di 1948, òun àti Arthur Watkins ti dín in kù sí sẹ́ẹ̀tì 3 péré, nítorí wọ́n rí i pé àpọ̀jù iṣẹ́ kò fi nǹkan kan kún un. Baba ìsàlẹ̀ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó dín in kù.

Ìtàn kan tún wà tí àwọn tó ń gbé irin fẹ́ràn láti máa sọ, ìtàn Milo ará Croton, oníjàkadì ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ (kì í ṣe Milo inú agolo). Wọ́n ní ó ń gbé ọmọ màlúù kan ní èjìká lójoojúmọ́ títí tí ọmọ màlúù náà fi di akọ màlúù ńlá, tí agbára Milo náà sì ń pọ̀ tẹ̀ lé e. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ara ń ṣe láìdúró, àwọn darandaran tó ń kọjá lẹ́yìn ìlú wa ì bá ti máa gbé màlúù wọn kọjá odò.

Ohun tí ojú mi rí

Irin tèmi kì í ṣe ti òyìnbó. Páìpù kan ni, pẹ̀lú kọnkéré tí mo ní kí bíríkìlà dà sínú agolo ọ̀dà. A fi òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta àgbàdo wọ̀n ọ́n. Èyí tó kéré jù nínú àwọn kọnkéré náà jẹ́ kílò 5, méjì ni a sì gbọ́dọ̀ fi kún un, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Nítorí náà, kílò 10 ni mo máa ń fi kún un lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ tí mo fi ṣe pàtàkì jù ni pé kí n gbé irin náà lé èjìká, kí n lóṣòó, kí n sì dìde. Ìdí tí mo fi yan èyí ni pé mo rí bàbá mi ní ọdún mẹ́ta tó lò gbẹ̀yìn láyé. Orí rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ ń ríran, ṣùgbọ́n kò lè dìde lórí àga bí ènìyàn méjì kò bá fà á. Ojú máa ń tì í. N kò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi fà mí.

Láti 40 dé 50, láti 50 dé 60, ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo dé ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni mo gbìyànjú 70. Mo lọ sílẹ̀, n kò lè dìde. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn igi méjì tí mo rì mọ́lẹ̀ láti gba irin náà dúró. Mo padà sí 60, mo tún gbìyànjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bákan náà ni. Kí ni mo wá ṣe? Mo ṣe ohun tí gbogbo ọkùnrin máa ń ṣe: mo sọ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ di ọjọ́ mẹ́fà. Títí di oṣù kẹfà ọdún náà, mo wà lẹ́nu 60. Orúnkún mi ọ̀tún wú. Oorun kò kùn mí lóru bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rẹ̀ mí. Ìyá àwọn ọmọ ní inú ń bí mi sí gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó ń gbé omi wá.

Ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú iṣan àti eegun ni ó wo orúnkún náà. Ìbéèrè tí ó bi mí ni pé ní ọ̀sẹ̀ tí mo gbé 60 fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ni mo jẹ, wákàtí mélòó ni mo sùn, ọjọ́ mélòó ni mo fi sinmi? N kò rí nǹkan kan sọ. Èmi tí mo lo ọdún 33 nídìí fáìlì, tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ abẹ́ mi pé ohun tí kò bá sí nínú fáìlì kò ṣẹlẹ̀, n kò ní àkọsílẹ̀ kankan lórí ara mi. Lọ́jọ́ náà ni mo ṣí fáìlì kan: ọjọ́, ìwọ̀n irin, iye ìgbà tí mo gbé e, wákàtí oorun, oúnjẹ, àti bí orúnkún ṣe rí. Fáìlì náà ṣì wà, ó ti di mẹ́ta.

Ó ní kí n kọ́kọ́ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ̀rù bà mí pé gbogbo agbára tí mo ti kó jọ yóò lọ. Kò lọ. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kò tó láti mú agbára ọdún púpọ̀ kúrò lára. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n padà sí 50, kí n máa gbé irin ní ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀, kí n sì máa gòkè padà díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tí mo dé 60, ìgbà 8 ni mo gbé e dìde, níbi tí ó ti jẹ́ pé 5 ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń gbé irin tó wúwo lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín ìwọ̀n rẹ̀ kù kí ó tó tún máa gòkè. Tèmi ju ìyẹn lọ nítorí orúnkún.

Ọ̀rọ̀ ike omi

Láti 60 sí 70, ìdá kan nínú mẹ́fà ni mo fẹ́ fi kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún 20 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè rí i ṣe. Ẹni ọdún 65 tó ti ń gbé e bọ̀ láti ọdún mẹ́rin kò lè rí i ṣe. Ní ilé ìdárayá àwọn olówó, wọ́n ní irin pẹlẹbẹ tí ó jẹ́ kílò 1 tàbí ìdajì kílò. Èmi kò ní. Ṣùgbọ́n omi lítà 1 jẹ́ kílò 1, ike tí ó gbà á kò sì wúwo tó ohun tí a ń sọ. Ike omi onílítà 1 méjì, tí a fi okùn dè pinpin mọ́ páìpù lọ́tùn-ún àti lósì, kílò 2 nìyẹn. Bí a kò bá bu omi kún wọn ju ìdajì lọ, ó di kílò 1. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó wúwo jù lè fi yanrìn gbígbẹ kún ike náà, ṣùgbọ́n kí ó gbé e sórí òṣùwọ̀n nítorí yanrìn wúwo ju omi lọ. Kí ẹ dè é kí ó má lè mì. Ohun tó bá ń mì lẹ́nu irin lè dojú ènìyàn bolẹ̀.

Bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń wọgbà ni mo fi wọ 62, mo wọ 63, mo wọ 65. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí n kò fi nǹkan kan kún un ju pé mo gbé iye kan náà ní ìgbà kan sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, kọnkéré kílò 5 méjèèjì wọ orí páìpù, mo lóṣòó, mo sì dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa sọ pé kílò 1 kò jámọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo Folashade Oluwafemiayo, akọni obìnrin wa tó ń dùbúlẹ̀ ti irin sókè nínú ìdíje àwọn abirùn àgbáyé. Ó gba fàdákà ní London ní 2012. Ó gba wúrà nínú ìdíje Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021, ó sì tún gba wúrà ní Paris ní 2024. Nínú àwọn ìdíje méjì tó gbẹ̀yìn yìí, ó borí, ó sì fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ohun tí ó gbé ní Tokyo lé díẹ̀ ní 150 kílò. Ti Paris ju 160 lọ. Nǹkan tó wà láàárín méjèèjì kò tó 20 kílò, ọdún mẹ́ta sì ni obìnrin tó lágbára jù ní ìwọ̀n ara tirẹ̀ lágbàáyé fi wá a. Ọmọ wa tó fẹ́ fi 20 kún 100 láàárín oṣù méjì, ta ni ó ń bá díje?

Àwọn àtúnṣe mìíràn wà tí n kò ní fà gùn. Ẹni tí ó ti ń gbé irin ní ìgbà 10 nínú sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láti ọdún tó kọjá lè fi díẹ̀ kún ìwọ̀n, kí ó dín iye ìgbà kù sí 5, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan ààbọ̀, kí ó sì padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ kára, ó dára kí a lo ọ̀sẹ̀ kan tí a ó máa gbé bí ìdajì ohun tí a ń gbé. Mo máa ń fi ọ̀sẹ̀ tèmi sí ìgbà tí mo bá fẹ́ rìnrìn-àjò lọ sílé. Kí ẹ sì ní kí ẹnìkan wo bí ẹ ṣe ń gbé e. Ọmọ ọmọ mi fi fóònù rẹ̀ yà mí, mo sì rí i pé gìgísẹ̀ mi ọ̀tún ń gbé kúrò nílẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láì mọ̀.

Oorun àti oúnjẹ

Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún 2023, irin tún dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, fáìlì ni mo gbé. Iṣẹ́ kò pọ̀ jù, orúnkún kò dùn mí. Ibi tí wọ́n kọ oorun sí ni ọ̀rọ̀ wà: wákàtí 4, wákàtí 4 ààbọ̀, wákàtí 3. Ẹ mọ bí ooru Kàdúná ṣe ń rí ní ìgbà yẹn, pàápàá bí kò bá sí iná mànàmáná. Mo gbé ibùsùn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà, mo ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí sun oorun ọ̀sán. N kò tún fi agídí gbé irin. Mo dúró lórí ohun tí mo lè gbé títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ó sì gòkè fúnra rẹ̀. Wákàtí 7 ni ó yẹ kí àgbàlagbà máa sùn, ó kéré tán. Ẹni tí kò bá rí i sùn kò gbọ́dọ̀ máa wá ẹ̀bi sọ́dọ̀ irin.

Ní ti oúnjẹ, àwa Yorùbá fẹ́ràn òkèlè, ẹran tí ó wà lórí rẹ̀ kì í sì í ju ìka méjì lọ. Amáradàgbà ni ara fi ń kọ́ iṣan. Àgbàlagbà tó ń gbé irin nílò bíi gíráàmù 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ohun tó wúwo sì lè lo tó 1.6. Kílò 75 ni mo wọ̀n, nítorí náà mo nílò bíi gíráàmù 90 lójúmọ́. Nígbà tí mo ṣírò ohun tí mo ń jẹ, kò ju bíi 45 lọ. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 15. A kò sì ní ìdí láti ra agolo èròjà òyìnbó olówó gọbọi nígbà tí a ń gbé ní ìlú tí àwàrà, wàrà, nónò àti kúlíkúlí ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹja gbígbẹ náà dára. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá le kí ó bi dókítà rẹ̀ kí ó tó fi kún amáradàgbà.

Ní ìgbà ààwẹ̀, ti mùsùlùmí tàbí ti onígbàgbọ́, kí ẹnikẹ́ni má wá àkọsílẹ̀ tuntun. Kí ó dín iṣẹ́ kù, kí ó sì gbé irin lẹ́yìn ìṣínu.

Abẹ́rẹ́ náà

Ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ni họ́móònù ọkùnrin, tàbí ohun tí wọ́n ṣe bí tirẹ̀, ní ìwọ̀n tó ju èyí tí ara ń ṣe lọ fíìfíì. Kì í ṣe irọ́ pé ó ń mú agbára wá. Ìdí nìyẹn tí ó fi léwu. Nígbà tí ọpọlọ bá rí i pé họ́móònù ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, yóò ní kí kórópọ̀n dẹ́kun iṣẹ́. Kórópọ̀n yóò súnkì, kò sì ní ṣe irúgbìn ọmọ mọ́. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, ó ń mú kí iṣan ọkàn nípọn ju bó ti yẹ lọ, àwọn oníhóró rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí obìnrin bá lò ó, ohùn rẹ̀ lè di ti ọkùnrin, kí ó má sì padà mọ́. Àwọn mìíràn kì í gba abẹ́rẹ́, tramadol ni wọ́n ń gbé mì kí wọ́n tó gbé irin kí ìrora má bàa dí wọn lọ́wọ́. Ìrora tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ náà ni ì bá sọ fún wọn pé iṣan ti fẹ́ já. Oògùn náà ń di bárakú, ó sì lè fa gìrì.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sì wà lọ́wọ́ dókítà. Bí ènìyàn bá jáwọ́, irúgbìn ọmọ a máa padà lára ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù púpọ̀, ó sì lè ju ọdún kan lọ. Àwọn kan wà tí tiwọn kò padà bọ̀ sípò. Àyẹ̀wò rẹ̀ tó ṣe kẹ́yìn fi hàn pé díẹ̀ ti ń padà. Ọmọ kò tíì dé. Kílò 90 ni ó ń gbé nísinsìnyí, ìyàwó rẹ̀ sì ń kọ ọ́ sínú ìwé fún un.

Àwa àgbàlagbà

Láti bí ọdún 30 ni iṣan ti ń dín kù lára, bíi 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ń yá sí i lẹ́yìn 60. Nítorí náà, ẹni ọdún 68 tí irin rẹ̀ dúró sójú kan fún ọdún méjì kò pàdánù. Ó ń gun àtẹ̀gùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì tíì kúrò níbi tó wà. Kò sì sí ẹni tí ó ti dàgbà jù. Ní 1990, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn arúgbó mẹ́wàá tí wọ́n wà ní ilé ìtọ́jú, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 90. Wọ́n gbé ohun tó wúwo pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ 8. Mẹ́sàn-án nínú wọn parí rẹ̀, agbára ẹsẹ̀ wọn sì ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú, nítorí eegun obìnrin tètè máa ń rọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró, irin gbígbé sì ń ràn án lọ́wọ́.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí kò tíì lo oògùn sí i, ẹni tí àyà ń dùn, tàbí tí òòyì ń kọ́, kí ó rí dókítà kí ó tó fọwọ́ kan irin. Ẹ má ṣe sé èémí mọ́nú nígbà tí ẹ bá ń dìde. Ẹ mí síta. Ẹni tí kò bá ní irin lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àga ìjẹun: kí ó jókòó, kí ó dìde láì fọwọ́ ti nǹkan kan, ìgbà 10, kí ó sinmi, kí ó tún un ṣe. Bí ìyẹn bá ti rọrùn, kí ó gbá ike omi onílítà 1 kan mọ́ àyà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí irin yín ti dúró, ẹ wá sí ẹ̀yìnkùlé mi lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ní òṣùwọ̀n, mo sì ní okùn. Kí olúkúlùkù mú ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ dání, kí ó sì ti kọ wákàtí tó sùn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá sínú rẹ̀ kí ó tó dé.